Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Dá Ṣúgà Mọ̀ Nínú Májèlé Ẹ̀gẹ́

Ìyá mi kì í yan gàrí lọ́jọ́ tó bá rin ẹ̀gẹ́. Á dì í sápò, á gbé òkúta lé e, á jẹ́ kó kan. Ó ní májèlé inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá omi lọ. Nangbéto ni ilé wa, nítòsí Atakpamé ní Tógò.

Linamarin ni ohun tí ìyá mi ń lé. Glúkóòsì, ṣúgà gidi, ló so mọ́ nǹkan kékeré kan tó gbé sáyánáìdì dání. Nínú odidi ẹ̀gẹ́, linamarin wà lọ́tọ̀, ẹ́ńsáìmù tó lè tú u wà lọ́tọ̀. Ìgbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́ ni wọ́n pàdé. Ẹ́ńsáìmù á gé ṣúgà kúrò, èyí tó kù á fọ́, sáyánáìdì á jáde.

Kẹ́mísìrì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní lísè, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kọ̀ǹpútà náà lè gé ṣúgà yìí. Lọ́dún 2020, Jonas Schaub, Maria Sorokina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Jámánì gbé Sugar Removal Utility jáde, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gé ṣúgà kúrò lára èròjà, ọ̀fẹ́ ni. Ìdí ni pé ewéko máa ń so ṣúgà mọ́ oríṣiríṣi èròjà. Ẹni tó bá ń wá oògùn láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye wọn, ṣúgà yẹn lè bo ohun tó ń wá mọ́lẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ò mọ adùn, kíkà ló mọ̀. Ó ń wá òrùka átọ́ọ̀mù márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje, tí ọ̀kan péré jẹ́ ọ́ksíjìn, tí kò sì bá òrùka mìíràn lẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà ló máa ka ọ́ksíjìn tó so mọ́ òrùka náà látìta: ó kéré tán, wọ́n gbọ́dọ̀ tó ìdajì iye átọ́ọ̀mù òrùka. A ka ti linamarin lójú pátákó. Òrùka jẹ́ mẹ́fà, ọ́ksíjìn ìta jẹ́ mẹ́rin. Ṣúgà ni! Ẹ gé e, ohun tó gbé sáyánáìdì dání nìkan ló kù.

Ìdajì yẹn, èèyàn ló yàn án. Àwọn ṣúgà kan wà nínú ẹ̀dá tí ọ́ksíjìn wọn dín gan-an. Òrùka mẹ́fà tó ní ọ́ksíjìn ìta méjì péré á bọ́ lọ́wọ́ ètò náà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń lò ó lè yí òṣùwọ̀n náà padà fúnra rẹ̀.