Ara Ríro Káàkiri àti Ìfun Aláìfararọ: Orúkọ, Ìdárayá àti Oúnjẹ

Àìsàn méjì kan wà tí ó sábà máa ń bá ara wọn rìn, tí èdè Yorùbá kò sì tíì ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí fún wọn. Èkíní ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní fibromyalgia: ara yóò máa ro ènìyàn káàkiri fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sùn ṣùgbọ́n oorun kò ní tán àárẹ̀ rẹ̀. Èkejì ni irritable bowel syndrome: inú a máa run ènìyàn léraléra, ìgbẹ́ a sì máa yí padà, lónìí kí ó ṣàn, lọ́la kí ó gbẹ koránkorán. Nínú méjèèjì, oríkèé kò wú, ìfun kò sì lẹ́gbò. Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ń gbọ́ ìròyìn ara ní àgbọ́jù, bí rédíò tí wọ́n yí ohùn rẹ̀ sókè jù.

Bí ẹni tí ó ní àìsàn wọ̀nyí bá ṣàlàyé ara rẹ̀ fún aládùúgbò ní Bàrúwà, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, orúkọ tí yóò gbà kò ju mẹ́ta lọ: làkúrègbé, aromọléegun, jẹ̀díjẹ̀dí. Méjì àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí eegun àti oríkèé, níbi tí àrùn kò sí. Ìkẹta ni ó léwu jù, nítorí pé ó gbòòrò: ìdí yíyọ, ìgbẹ́ ọ̀rìn, ẹ̀yìn dídùn àti inú rírun ni ó kó pọ̀. Orúkọ ni ó sì ń yan oògùn. Ẹni tí wọ́n bá ní jẹ̀díjẹ̀dí ni ó ń ṣe yóò ra àgbo jẹ̀dí lẹ́bàá títì. Ọ̀pọ̀ nínú àgbo náà a máa ṣí ìfun, òmíràn sì wà tí wọ́n fi ògógóró rẹ. Ìfun tí ó ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀ kò fẹ́ ohun tí yóò tún ṣí i, ọtí a sì máa da oorun rú.

Kí ni kí atúmọ̀ èdè ṣe? Bí ó bá tú fibromyalgia ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, “ríro fọ́nrán iṣan” ni yóò rí. Èyí kò dára tó. “Iṣan” nínú Yorùbá ni ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, òun náà ni okùn ìmọ̀lára, òun náà ni ohun tí a fi ń gbé ẹrù. Àwọn òyìnbó pàápàá ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Ní 1904, William Gowers pe irú ara ríro bẹ́ẹ̀ ní fibrositis, orúkọ tí ó túmọ̀ sí pé fọ́nrán ara ń wú. Nígbà tí wọn kò rí wíwú kankan, wọ́n pa orúkọ náà tì. “Àìsàn ara ríro káàkiri” sọ ohun tí aláìsàn ń rí, kò sì purọ́ nípa ibi tí ó ti wá. Fún èkejì, “ìfun aláìfararọ” sàn ju “ìfun abínú” lọ, èyí tí yóò kàn pa olùgbọ́ lẹ́rìn-ín.

Ní ti ìtọ́jú, ìdárayá ni ó ṣíwájú. Nínú ìmọ̀ràn tí àjọ EULAR ti Yúróòpù gbé jáde ní 2016 lórí ara ríro káàkiri, ìdárayá nìkan ni wọ́n fi gbogbo ẹnu tì lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n “eré ìmárale” ń rán ènìyàn létí eré sísá ilé-ẹ̀kọ́. Aláìsàn tí ó bá gbọ́ ọ yóò ṣe àṣejù lọ́jọ́ kìn-ín-ní, yóò sì dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. “Ìdárayá díẹ̀díẹ̀” ni kí wọ́n kọ: ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ní kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó kún ojú ọ̀nà Candos, kí ó máa fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kódà ní ọjọ́ tí ara bá yá gágá.

Oúnjẹ ni jẹ̀díjẹ̀dí ti ṣì wá lọ́nà jù lọ, nítorí ìgbàgbọ́ pé ohun dídùn ni ó ń fà á. Ní 2005, Peter Gibson àti Sue Shepherd ní Yunifásítì Monash, Ọsirélíà, ṣàlàyé pé àwọn èròjà kan wà tí ìfun kékeré kì í fà tán, tí wọ́n sì ń kan nínú ìfun ńlá títí afẹ́fẹ́ fi kún inú. A lè pè wọ́n ní “èròjà amúnúwú”. Ṣúgà funfun inú tíì kò sí lára wọn. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà, búrẹ́dì àlìkámà àti wàrà ni ó wà. Ẹni tí ó bá sá fún ṣúgà, tí ó wá ń fi ẹ̀wà rọ́pò rẹ̀, ti gbé iná lé iná. Ní ti wàrà, Kretchmer, Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti fi hàn ní 1971 pé púpọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà Yorùbá ni ìfun wọn kì í fa ṣúgà wàrà, láìdàbí àwọn Fúlàní darandaran.

Ìrẹsì, iṣu, ẹyin àti ẹja kò ní wàhálà yìí. Kì í sì í ṣe èèwọ̀ títí ayé: ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà ni wọ́n fi ń yẹra fún amúnúwú, lẹ́yìn náà wọn a dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí ó ń bá ìfun jà. Ẹni tí kò lè ṣe aláìjẹ ẹ̀wà lè rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ó da omi rẹ̀ nù. Àlùbọ́sà tí a dín nínú epo tí a sì yọ kúrò á fi adùn sílẹ̀, nítorí èròjà rẹ̀ a máa yòrò sínú omi, kì í yòrò sínú epo. Ẹ̀rí pé oúnjẹ yìí ń dín ara ríro kù kò tó èyí tí ó wà fún ìfun.

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ara tí ń rù láìnídìí, tàbí inú rírun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àádọ́ta ọdún kò sí lára àmì ìfun aláìfararọ. Abẹ́ orúkọ jẹ̀díjẹ̀dí ni jẹjẹrẹ ìfun lè fara pa mọ́ sí fún ọdún gbọọrọ. Ẹni tí ó bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀ ní Bàrúwà, ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́ tí ó wà ní Ìgàndò ni kí ó gbà lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alágbo.