ǸJẸ́ ORÍLẸ̀-ÈDÈ KAN LÈ DÁ DÚRÓ LÁÌGBÓJÚLÉ EPO RỌ̀BÌ?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà ní ilẹ̀ wa. Kí oṣù Keje tó parí, ó ti kọjá 600 náírà. Ẹ̀gẹ́ kò yí padà, ẹ̀rọ tí a fi ń rin ín kò yí padà, ṣùgbọ́n èrè ti bá èéfín lọ. Nítorí náà ó tọ́ kí a béèrè bí orílẹ̀-èdè kan bá lè pèsè agbára tí ó ń lò fúnra rẹ̀, láìsí epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú inú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo Bràsíìlì, nítorí inú oko ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

BÍ WỌ́N TI BẸ̀RẸ̀

Láti ìparí ọdún 1973 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1974, owó epo rọ̀bì ní àgbáyé di ìlọ́po mẹ́rin. Bràsíìlì nígbà náà ń ra ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin epo rẹ̀ lọ láti òkèèrè. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1975, ìjọba wọn dá ètò sílẹ̀ láti máa fi ìrèké ṣe ẹ́tánọ́ọ̀lù. Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ bí a ti ń ṣe ògógóró: a ó fún omi ìrèké, a ó jẹ́ kí ó kan, a ó sì sè é kí oru rẹ̀ gba inú ọ̀pá tútù kọjá, kí ó di omi padà. Háhá ìrèké tí ó kù ni wọ́n fi ń dáná ilé iṣẹ́ náà. Ní 1979, ọkọ̀ tí ń mu ẹ́tánọ́ọ̀lù nìkan dé ọjà.

IBI TÍ ẸSẸ̀ TI YỌ̀

Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní 1986. Nígbà tí ṣúgà wá gbówó lórí, wọ́n fi ìrèké ṣe ṣúgà, ẹ́tánọ́ọ̀lù sì wọ́n ní 1989. Ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn onímọ́tò yẹ̀. Ní 2003 ni ọkọ̀ tí ó lè mu bẹntiróòlù, ẹ́tánọ́ọ̀lù tàbí àdàlù méjèèjì jáde, kí olúkúlùkù lè ra èyí tí ó bá dínwó.

Ní ti iná mànàmáná, ìdídò omi ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù. Ní 2001 òjò kò rọ̀ tó, omi fà, ìjọba sì pàṣẹ kí ọ̀pọ̀ ilé dín iná tí wọ́n ń lò kù ní ìdá kan nínú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi afẹ́fẹ́ àti oòrùn kún un; ní 2024, àwọn méjèèjì pèsè ju ìdá kan nínú márùn-ún iná wọn lọ.

ÌDÁHÙN

Ó ṣeé ṣe dé ibi kan. Iná ilé àti ọkọ̀ kékeré ni ó rọrùn. Ọkọ̀ akẹ́rù àti ajílẹ̀ ni ó ṣòro. Bràsíìlì ṣì ń wa epo rọ̀bì lábẹ́ òkun, ó sì ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú ajílẹ̀ rẹ̀ láti òkèèrè. Èrè rẹ̀ ni pé bí ibì kan bá dí, ibòmíràn ṣí sílẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

1. Ẹ máa kọ iye epo tí ẹ̀rọ ẹgbẹ́ ń mu lọ́sẹ̀ sínú ìwé, àti iye gàrí tí ó mú jáde. Ohun tí a kò bá kà, a kò lè dín in kù.

2. Ẹ lo ohun tí à ń dà nù kí ẹ tó ronú kan oúnjẹ. Èèpo ekùrọ́ ń jó dáadáa nínú ààrò. Ìgbẹ́ màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀, bí a bá pò ó mọ́ omi nínú kòtò tí a dé pa, ń mú gáàsì ìdáná jáde. Èyí tí ó ṣẹ́ kù jẹ́ ajílẹ̀. Ẹ má ṣe gbé iná sún mọ́ kòtò náà.

3. Bí ẹgbẹ́ bá ra ẹ̀rọ oòrùn láti máa fa omi, ẹ má tíì ta ẹ̀rọ elépo. Ẹ tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí òjò bá ṣú.

Ẹ ka ìwé yìí sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, nítorí kò gbà ju bébà àti gègé lọ.