Kẹ́míkà 17 àti Àdéhùn Tí Kò Ní Ìtanràn

Ní oṣù Kejì ọdún 1991, EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ńláńlá. Ẹ̀bẹ̀ ló wà nínú lẹ́tà náà, kì í ṣe àṣẹ. William Reilly, ọ̀gá àjọ náà nígbà yẹn, fẹ́ kí wọ́n dín kẹ́míkà 17 tí wọ́n ń tú dànù kù: kí ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ti dín kù kí ọdún 1992 tó parí, kí ìdá 50 sì ti dín kù kí 1995 tó parí. Ibẹ̀ ni ètò náà ti gba orúkọ rẹ̀, 33/50. Òjé wà lára àwọn kẹ́míkà náà, bẹ́ẹ̀ ni mákúrì, benzene, àti toluene táwọn oníṣẹ́ ọ̀dà ń lò.

Iléeṣẹ́ tó bá kọ̀ kò ní san kọ́bọ̀. Síbẹ̀, nǹkan bí 1,300 ló gbà.

Ìdí tí wọ́n fi gbà ti wà nílẹ̀ kí lẹ́tà náà tó dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1984, gáàsì olóró tú jáde ní iléeṣẹ́ Union Carbide ní Bhopal, ní Íńdíà, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ọ̀pọ̀ wọn lójú oorun. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kẹ́míkà tún jò ní ẹ̀ka iléeṣẹ́ kan náà ní West Virginia. Ará Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ohun tó wà lẹ́yìn ògiri tiwọn. Òfin ọdún 1986 pa á láṣẹ pé kí iléeṣẹ́ máa kéde iye májèlé tí wọ́n ń tú dànù lọ́dọọdún. Nígbà tí ìwé ìròyìn ń to orúkọ àwọn tó ń tú u jù, ta ni yóò fẹ́ wà lókè?

Owó náà tún wà níbẹ̀. Kẹ́míkà tó fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, iléeṣẹ́ ló rà á. Àwọn tó ń fi trichloroethane, ọ̀kan lára kẹ́míkà 17 náà, fọ gírísì kúrò lára irin bẹ̀rẹ̀ sí í lo omi àti ọṣẹ. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò, tàbí kí wọ́n se kẹ́míkà tí wọ́n ti lò kí wọ́n lè tún un lò. Iléeṣẹ́ 3M ti ń ṣe irú èyí láti 1975.

Lọ́dún 1988, tí wọ́n fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà, kẹ́míkà 17 náà tí iléeṣẹ́ ń tú dànù tàbí tí wọ́n ń kó lọ síbòmíràn tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 680,000. Nígbà tó fi di 1994, ó ti dín ju ìdajì lọ, ọdún kan ṣáájú àkókò.

Ìyìn náà kì í ṣe ti àdéhùn nìkan, ká má parọ́. Díẹ̀ kọ́ ló ti dín kù kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tí kò fọwọ́ sí nǹkan kan náà sì dín tiwọn kù. Àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo ozone ló ń lé trichloroethane lọ. Ohun tó dájú ni pé láìsí àkọsílẹ̀ tí gbogbo ayé ń rí, kò sẹ́ni tí ì bá lè sọ ẹni tó mú ìlérí ṣẹ.

Àkọsílẹ̀ náà ṣì ń jáde lọ́dọọdún, ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì EPA. Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Houston, níbi tí iléeṣẹ́ epo àti kẹ́míkà tò lọ bẹẹrẹ létí omi. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilé níbẹ̀, kó tẹ nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò náà (ZIP code) sórí ìkànnì náà kó tó sanwó.