Kọ̀ǹpútà kò tan mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ BIOS? Ẹ má tíì sunkún, àkọsílẹ̀ yín ṣì wà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣòwò ní Kabba àti láwọn ìlú Okun yòókù bíi Iyara, Mopa, Isanlu àti Egbe ló jẹ́ pé kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ ni ẹni tó ń tẹ̀wé, tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ń kó iṣẹ́ oníbàárà sí. Inú rẹ̀ náà ni oníkẹ́mísìtì ń kọ gbèsè àti ọjà tó kù nílẹ̀ sí. Ọjọ́ tí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́, ọjà ọjọ́ náà dákẹ́ nìyẹn.

Ọ̀kan lára ohun tó lè mú un dákẹ́ lójijì ni kí wọ́n yọ BIOS tó bá a wá, kí wọ́n fi coreboot tàbí Libreboot rọ́pò rẹ̀, kí iṣẹ́ náà má sì bọ́ sí i. BIOS ni ètò kékeré tó kọ́kọ́ ń jí tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì. Òun ló ń jí mẹ́mórì, sìkírìnì àti dísìkì kó tó kan Windows. Ọ̀gbẹ́ni Ron Minnich ló bẹ̀rẹ̀ coreboot lọ́dún 1999 ní ibùdó ìwádìí Los Alamos, l'Amẹ́ríkà. LinuxBIOS ni wọ́n ń pè é títí di 2008. Ọdún 2013 ni Libreboot jáde láti ara rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ẹnikẹ́ni ló lè rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ọ̀pọ̀ Chromebook ló sì ń lo coreboot. Àwọn tó ní ThinkPad àtijọ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ń mú kí ẹ̀rọ wọn tètè jí.

Àmọ́ bí wọ́n bá ṣe é tán, tí kọ̀ǹpútà kò tan ńkọ́? Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. BIOS àti àkọsílẹ̀ yín kì í gbé ilé kan náà. Inú chip kékeré kan lára mọ́dábọ́ọ̀dù ni BIOS wà. Inú háàdì dísìkì ni orúkọ oníbàárà àti gbèsè wà. Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ dísìkì, kí wọ́n fi okùn USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí wọ́n sì da ohun inú rẹ̀ kọ síbòmíràn. Ẹ má ṣe gbà fún ẹni tó bá ní òun fẹ́ fọ́ọ̀màtì rẹ̀. Fọ́ọ̀màtì kò lè tún BIOS ṣe, àkọsílẹ̀ ni yóò pa rẹ́. Bó bá jẹ́ pé BitLocker ni wọ́n fi ti dísìkì náà, yóò béèrè nọ́ńbà oní-díjíìtì 48. Ẹ ti wá a sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ká wá wo ohun tó ń ṣe é. Bí iná ara rẹ̀ bá tàn ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀, torí ó lè pẹ́ kó tó ka mẹ́mórì tán nígbà àkọ́kọ́. Bí kò bá yí padà, kí wọ́n yọ ṣájà àti bátìrì, kí wọ́n fi ẹyọ RAM kan ṣoṣo sílẹ̀, kí wọ́n sì gbìyànjú ihò kejì. RAM tí BIOS àtijọ́ gbà lè má bá coreboot mu. Kí wọ́n tún so ó mọ́ sìkírìnì mìíràn.

Bí nǹkan bá hàn lójú rẹ̀, àmọ́ tí Windows kò wọlé, chip kọ́ ló bàjẹ́. Coreboot kì í dá pe Windows. Ètò kejì ló ń bá a ṣe é. Linux ni GRUB wà fún ní tirẹ̀. SeaBIOS lè pe Windows, àmọ́ kò lè pe èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́nà UEFI. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi sí tiyín.

Bí kò bá sí àmì kankan rárá, ó ṣeé ṣe kí ohun tí wọ́n kọ sínú chip má pé. ThinkPad X230 àti T440p ní chip méjì, ọ̀kan mẹ́gábáìtì 8, èkejì 4. Bí wọ́n bá gbé ti ọ̀kan fún èkejì, kò ní jí. Libreboot tún nílò àwọn fáìlì kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi kún un fún irú àwọn ẹ̀rọ yìí. Ẹ̀rọ CH341A olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń kọ ọ́ náà ní ewu tirẹ̀: irú rẹ̀ kan ń gbé fóòtì 5 lọ sára chip tó jẹ́ pé 3.3 ló gbà. Bí iná bá sì lọ lójijì nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ lè dàrú. Kí bátìrì kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ náà kún dáadáa.

Ohun tó lè gbani nírú ọjọ́ yẹn ni ẹ̀dà BIOS àtijọ́. Kí ẹni tó ń ṣe é tó kọ ohunkóhun, kó ka chip náà lẹ́ẹ̀mejì, kó fi méjèèjì wé ara wọn, kó sì fún yín ní ẹ̀dà kan lórí fláàṣì. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kọ̀ǹpútà yín wà nínú rẹ̀, ti ẹlòmíràn kò lè rọ́pò rẹ̀ pátápátá. Ẹ̀dà yìí ni wọn yóò fi dá ẹ̀rọ náà padà sí bó ṣe wà.

Bó bá wá di pé kí wọ́n gbé e lọ sí Lokoja, Abuja tàbí Computer Village n'Ikẹja, ẹ yọ dísìkì sílẹ̀ nílé. Bó bá sì jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ fi ń jẹun, ẹ má fi òun dánrawò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.