Omi iyọ̀ tí wọ́n ní yóò lé Ebola lọ ló gbẹ̀mí èèyàn

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyẹn ló ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà lóru ọjọ́ keje mọ́jú ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ, ọdún 2014. Fóònù ò jẹ́ káwọn èèyàn sùn lóru ọjọ́ náà. Ìyá ń pe ọmọ, àbúrò ń pe ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn: kẹ́ni tó ń sùn tètè dìde, kó fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kó mu nínú ẹ̀, Ebola ò ní í mú un.

Ẹ má tíì dá wọn lẹ́bi. Kò ì tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Patrick Sawyer gbé àrùn náà wọ Èkó láti Liberia, jìnnìjìnnì ti bá tọmọdé tàgbà. Iyọ̀ ò sì wọ́n, kò sílé tí kò sí. Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí kò bá ṣe rere, kò lè ṣe ibi.

Àmọ́ irọ́ gbuu ni. Iyọ̀ kì í dènà Ebola. Bó bá pọ̀ jù lára, ṣe ló ń fa omi kúrò nínú ẹran ara títí kan ọpọlọ, ewu ńlá sì ni fẹ́ni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mínísítà ètò ìlera nígbà náà, Onyebuchi Chukwu, sọ fáráyé pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti wẹ̀, wọ́n ti mu. Lóṣù yẹn kan náà, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú nídìí omi iyọ̀ yìí.

Kí ló jẹ́ kó tàn tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń pe èèyàn ni wọ́n wò, wọn ò wo ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Ta ni yóò ní ìyá òun ń parọ́? Bẹ́nì kan bá pè, èèyàn lè fi rẹ́rìn-ín. Bẹ́ni mẹ́ta bá pè, á ní ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló dé yẹn, kò mọ̀ pé ẹnu kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lè gbọ́ ọ.

Ebola fúnra ẹ̀, wọ́n lé e bá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpasẹ̀ èèyàn 894 tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fara kan aláìsàn, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò ju ìgbà 18,000 lọ. Èèyàn 20 ló mú, mẹ́jọ kú. Nígbà tó di ogúnjọ́, oṣù kẹwàá, WHO kéde pé ó ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ńkọ́? Òru ọjọ́ kan péré ló fi dé ọ̀pọ̀ ìlú tí Ebola ò dé rárá. Nítorí náà, kéèyàn tó pe ẹni tó fẹ́ràn lóru, kó kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ léèrè: ẹni tó sọ fún mi yìí, ta ló sọ fóun náà?