Ta Ni Ìyá Ọmọ? Àwọn Tí Ń Wá Alágbàbí Lọ sí Ilẹ̀ Òkèèrè

Ní ìparí ọdún 2008, wọ́n dá ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn amòfin ṣì ń tọ́ka sí. Tọkọtaya ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọn kò rí ọmọ bí ni wọ́n lọ sí orílẹ̀-èdè Ukraine. Àtọ̀ ọkọ àti ẹyin obìnrin kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ni àwọn dókítà fi ṣe ọlẹ̀, wọ́n sì gbé e sínú ilé-ọmọ obìnrin ará Ukraine kan tí òun náà wà nílé ọkọ. Obìnrin náà bí ìbejì. Lójú òfin Ukraine, tọkọtaya ará Gẹ̀ẹ́sì ni òbí àwọn ọmọ náà. Obìnrin tí ó rọbí kò jẹ́ nǹkan kan sí wọn. Lójú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin tí ó rọbí ni ìyá, ọkọ rẹ̀ sì ni bàbá. Kò sí èyí tí ó ṣe àṣìṣe nínú òfin méjèèjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló tọ̀nà ní ilé tirẹ̀. Síbẹ̀, Ukraine kò ka àwọn ìbejì náà sí ọmọ ilẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò kà wọ́n sí tirẹ̀. Ọmọ tí a fi owó, omijé àti àdúrà wá kiri wá di ẹni tí kò ní òbí, tí kò sì ní ìlú.

Ilé-ẹjọ́ ni ó gba àwọn ìbejì náà sílẹ̀. Adájọ́ rí i pé owó tí wọ́n san fún obìnrin náà ju ìnáwó tí òfin gbà láàyè lọ, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i nítorí ire àwọn ọmọ, ó sì sọ tọkọtaya náà di òbí wọn.

Èdè Yorùbá kò tíì ní orúkọ tí tilé toko mọ̀ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá *alágbàtọ́*, *alágbàfọ̀* àti *alágbàṣe* ni a lè gbà ṣẹ̀dá *alágbàbí*, òun ni a ó sì lò níhìn-ín. Olùkọ́ tí yóò bá lo ọ̀rọ̀ yìí nínú kíláàsì yóò ṣàkíyèsí ohun kan: ìfẹ́ àti ìbátan ni ó sábà máa ń mú alágbàtọ́ gba ọmọ ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n alágbàṣe ń retí owó iṣẹ́ rẹ̀. Èwo ni alágbàbí nínú àwọn méjèèjì? Ibẹ̀ gan-an ni òfin àwọn orílẹ̀-èdè ti yapa. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1985 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún alárinà láti fi iṣẹ́ yìí pa owó. Àdéhùn tí wọ́n bá sì ṣe, ilé-ẹjọ́ kò ní fi ipá mú ẹnikẹ́ni láti mú un ṣẹ. Ní California, wọ́n gbà kí alágbàbí gba owó iṣẹ́. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ ti sọ ní ọdún 1993 pé bí obìnrin kan bá ni ẹyin, tí òmíràn sì gbé oyún, ẹni tí ó ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun ni yóò tọ́ ọmọ náà ni ìyá.

Àwọn tí ń rin ìrìn-àjò yìí kì í ṣe aláṣejù. Àwọn mìíràn ń sá fún òfin ilé, nítorí Jámánì, Faransé àti Ítálì kò gba alágbàbí láàyè rárá. Àwọn mìíràn ń sá fún owó, nítorí ní Amẹ́ríkà ìnáwó náà sábà máa ń ju 100,000 dọ́là lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kì í tètè rò ni pé ìwé-ẹ̀rí ìbí tí ó ní agbára níbi tí a ti gbà á lè di bébà lásán nílé.

Aki Mukai, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ní Japan, mọ èyí dájú. Àìsàn jẹjẹrẹ ni ó mú kí wọ́n yọ ilé-ọmọ rẹ̀. Ẹyin tirẹ̀ àti àtọ̀ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n lò; obìnrin kan ní Amẹ́ríkà bí ìbejì fún wọn ní ọdún 2003, ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Nevada sì kéde pé àwọn ni òbí. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Japan kọ̀ ní ọdún 2007. Ó ní obìnrin tí ó bímọ nìkan ni òfin Japan mọ̀ ní ìyá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ọmọ náà, kò sì sí ẹni tí ó jiyàn rẹ̀. Síbẹ̀ òun kọ́ ni ìyá wọn.

Ọdún kejì rẹ̀ ni ti ọmọdébìnrin tí wọ́n bí ní ìlú Anand, ní ìpínlẹ̀ Gujarat ní Íńdíà. Ará Japan ni tọkọtaya tí ó wá a. Ní nǹkan bí oṣù kan kí wọ́n tó bí i, tọkọtaya náà kọ ara wọn sílẹ̀, ìyàwó sì ní òun kò fẹ́ ọmọ náà mọ́. Obìnrin mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tí ó ni ẹyin, ẹni tí ó gbé oyún, àti ẹni tí ó kọ́kọ́ fẹ́ ọmọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó pe ara rẹ̀ ní ìyá. Bàbá fẹ́ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin Íńdíà kò gbà kí ọkùnrin tí kò ní aya gba ọmọbìnrin tọ́. Lọ́jọ́ kejì ìbí rẹ̀, bọ́ǹbù bú gbàmù ní Ahmedabad nítòsí, wọ́n sì gbé ọmọ ọwọ́ náà lọ sí Jaipur. Ìyá bàbá rẹ̀ ni ó ti Japan wá tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Íńdíà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù keje tó fi Íńdíà sílẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ tí kò sí orúkọ ìyá nínú rẹ̀.

Nínú agbo ilé Yorùbá àtijọ́, ọmọ lè máa pe ìyá àgbà ní Màmá, kí ó máa pe ẹni tí ó bí i gan-an ní Àǹtí, kò sì sí ẹni tí yóò ṣèrànwọ́ kankan bèèrè. Àyè orúkọ ìyá kan ṣoṣo ni ó wà nínú ìwé ìjọba.

Ilẹ̀kùn àwọn orílẹ̀-èdè náà ń tì níkọ̀ọ̀kan. Thailand, Nepal àti Íńdíà dá àwọn àjèjì dúró ní ọdún 2015, Cambodia fòfin de iṣẹ́ náà ní 2016, Rọ́ṣíà ti tirẹ̀ mọ́ àwọn àjèjì ní ìparí 2022. Ní 2024, Ítálì fi kún òfin rẹ̀ pé ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tí ó bá lọ wá alágbàbí, ibikíbi láyé, lè ṣẹ̀wọ̀n títí dé ọdún méjì. Ibi tí ilẹ̀kùn ṣì ṣí pàápàá kì í ṣe ibi ààbò. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ẹnu-bodè ní 2020, àwọn ọmọ tuntun tí ó ju ogójì lọ ni wọ́n tẹ́ sórí ibùsùn ní ilé ìtura kan ní Kyiv, tí àwọn òbí tí ń retí wọn kò lè wọlé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ogun dé.

Ìdí tí àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí fi ń ti ilẹ̀kùn kò ṣòro. Ní Anand nígbà náà, àwọn aláìní obìnrin ni wọ́n máa ń kó sí ilé kan, jìnnà sí ọkọ àti ọmọ tiwọn, títí wọn yóò fi bí. Owó tí wọ́n gbà kọ́ ilé fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ta ni ó ka àdéhùn náà sí etí wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá tí ó wà ní London ní ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Níbikíbi tí wọ́n bá ti bí ọmọ náà, òfin Gẹ̀ẹ́sì yóò ka alágbàbí sí ìyá títí ilé-ẹjọ́ yóò fi pàṣẹ mìíràn. Kí oṣù mẹ́fà tó pé lẹ́yìn ìbí ni òfin ní kí wọ́n bèèrè àṣẹ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2014 àwọn adájọ́ ti ń gbọ́ ti àwọn tí ó pẹ́. Ẹyin tàbí àtọ̀ ọ̀kan ó kéré tán nínú àwọn olùbéèrè gbọ́dọ̀ wà nínú ọmọ náà. Èyí tí ó tún ṣòro jù ni pé ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ilé rẹ̀ pátápátá lójú òfin. Gbígbé ibẹ̀ nìkan kò tó. Ẹni tí ó wá kàwé tàbí tí ó wá ṣiṣẹ́, tí ó sì ń sọ lójoojúmọ́ pé òun yóò padà sí Ìbàdàn, lè má rí àṣẹ náà gbà. Alágbàbí pẹ̀lú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i láìsí ipá. Ìwé tí ó bá fọwọ́ sí kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé lẹ́yìn ìbí, ilé-ẹjọ́ kò ní kà á sí.