Tírè: Ìlú tó kó igi fún Sólómọ́nì, tí wòlíì sọ pé omi yóò bò mọ́lẹ̀

Ẹni tó bá ń ka Bíbélì dáadáa á ti pàdé orúkọ ìlú yìí lọ́pọ̀ ìgbà. "Tírè àti Sídónì" ni wọ́n sábà máa ń pè é, bí ìgbà tí èèyàn ń pe Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé Tírè ṣì wà. Sur làwọn ará ibẹ̀ ń pè é lónìí. Ó wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Lẹ́bánónì, nǹkan bíi 80 kìlómítà sí Beirut. Àwọn èèyàn ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń tajà.

Báwo wá ni ìlú tí wòlíì Èsékíẹ́lì ní wọ́n máa wá tì ṣe wà títí dòní? Báwo sì ni ìlú kan náà ṣe jẹ́ èyí tó bá Sólómọ́nì kọ́ tẹ́ḿpìlì? Láti ibi tí ìlú náà wà ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Orí àpáta láàárín òkun

Láyé àtijọ́, méjì ni Tírè. Ọ̀kan wà lórí ilẹ̀, níbi tí oko àti omi mímu wà. Èkejì, tó jẹ́ ojúlówó ìlú, wà lórí erékùṣù olókùúta kan, tí kò tó kìlómítà kan sí etíkun. Àpáta gan-an ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Nígbà tí Herodotus, òpìtàn ilẹ̀ Gíríìsì, dé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù, ohun táwọn àlùfáà òrìṣà Melqart sọ fún un ni pé ìlú náà ti pé ọdún 2,300.

Orí àpáta ò ṣe é dáko. Òkun làwọn ará Tírè, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Fòníṣíà, kọjú sí. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n ṣòwò dé Spéènì, àwọn ló sì tẹ ìlú Carthage dó ní Tùnísíà, ní Áfíríkà níbí. Ara ìgbín òkun ni wọ́n ti ń yọ aró elésè àlùkò. Lọ́dún 1909, onímọ̀ kẹ́mísírì kan, Paul Friedländer, lo 12,000 ìgbín kó tó rí gíráàmù 1.4 péré. Abájọ tó fi jẹ́ pé aṣọ àwọn ọba ni. Àwọn Fòníṣíà yìí náà ni wọ́n ní lẹ́tà 22 tí àwọn Gíríìkì yá lò, tí àwọn ará Róòmù tún gbà, tó fi di A, B, D táwọn ọmọ ilé ìwé ń kà lónìí.

Àlìkámà ń lọ, igi ń bọ̀

Àárín Hírámù ọba Tírè àti Ísírẹ́lì ti gún kí Sólómọ́nì tó jọba. Ó ti fi igi kédárì, káfíńtà àtàwọn tó ń fi òkúta mọlé ránṣẹ́ sí Dáfídì láti kọ́ ààfin. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tẹ́ḿpìlì délẹ̀, Sólómọ́nì ránṣẹ́ sí i, Hírámù sì gbà, bí wọ́n bá ṣáà ti máa bọ́ agbo ilé òun. Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí karùn-ún, sọ iye rẹ̀: 20,000 òṣùwọ̀n kórì àlìkámà àti 20 kórì ògidì òróró ólífì lọ́dọọdún.

Orí òkè Lẹ́bánónì ni wọ́n ti ń gé igi náà. Sólómọ́nì kó 30,000 èèyàn jọ síṣẹ́, 10,000 ń lọ lóṣù kan, wọ́n á wá fi oṣù méjì sinmi nílé. Wọ́n á so igi pọ̀, wọ́n á fà á gba ojú òkun dé Jópà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti gbé e lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ẹni tó rọ àwọn òpó idẹ inú tẹ́ḿpìlì, Hírámù lòun náà ń jẹ́, àmọ́ kì í ṣe ọba yẹn. Opó láti ẹ̀yà Náfútálì ni ìyá rẹ̀, ará Tírè ni bàbá.

Ìjà ò ṣàì wáyé. Sólómọ́nì fún Hírámù ní 20 ìlú ní Gálílì. Hírámù lọ wò wọ́n, inú rẹ̀ ò dùn, ó béèrè irú ìlú tí ọ̀rẹ́ òun kó fún òun yìí, ó sì sọ wọ́n ní Kábúlù. Síbẹ̀, ó fi 120 tálẹ́ńtì wúrà ránṣẹ́. Oníṣòwò ni, kò ní tìtorí ìbínú ba ọjà jẹ́.

Ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé Jésébẹ́lì. Ẹtibáálì bàbá rẹ̀ ni Bíbélì pè ní ọba àwọn ará Sídónì. Josephus òpìtàn Júù ní ọba Tírè náà ni. Àmọ́ láàárín Tírè àti Sídónì yìí kan náà ni Sáréfátì wà, níbi tí opó kan ti bọ́ Èlíjà nígbà ìyàn.

Ṣé àsọtẹ́lẹ̀ náà ṣẹ?

Nígbà tí Jerúsálẹ́mù ṣubú, Èsékíẹ́lì ní Tírè ń yọ̀ pé ọjà máa wá kún sọ́dọ̀ òun. Ibẹ̀ ni wòlíì ti ní wọ́n máa da òkúta àti igi rẹ̀ sínú omi. Nebukadinésárì dó ti ìlú náà fún ọdún 13, gẹ́gẹ́ bí Josephus ṣe wí. Ṣùgbọ́n nínú orí 29, Èsékíẹ́lì fúnra rẹ̀ sọ pé orí àwọn ọmọ ogun náà pá, èjìká wọn bó, wọn ò sì rí owó iṣẹ́ wọn gbà ní Tírè. Íjíbítì ni Ọlọ́run máa fi san án fún wọn.

Ọdún 332 ṣáájú ìbí Jésù ni Alexander ọba Masidóníà dé. Ó fẹ́ rúbọ sí Melqart nínú ìlú, wọ́n ní kò lè wọlé. Ló bá wó Tírè orí ilẹ̀, ó kó òkúta àti igi rẹ̀ da sínú òkun, ó fi la ọ̀nà dé erékùṣù náà. Oṣù méje ló gbà á. Arrian kọ ọ́ pé nǹkan bíi 8,000 ará Tírè kú, wọ́n sì ta nǹkan bíi 30,000 èèyàn sóko ẹrú.

Àwọn kan ní àsọtẹ́lẹ̀ náà ló ṣẹ yẹn. Àwọn mìíràn ní kò ṣẹ tán, torí kò pẹ́ tí ìlú náà tún fi gbérí. Ẹni tó bá máa dá sí i, kó kọ́kọ́ sọ èwo nínú Tírè méjèèjì lòun ń sọ.

Ọ̀nà Alexander ò sì parẹ́. Ìwádìí tí Nick Marriner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2007 fi hàn pé òkìtì yanrìn kan ti wà lábẹ́ omi níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n la ọ̀nà yẹn, yanrìn ń kó jọ sí i, ó ń fẹ̀, títí erékùṣù fi lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ilé àti títì ló wà lórí rẹ̀ báyìí.

Fàdákà Tírè nínú tẹ́ḿpìlì

Nígbà ayé Jésù, owó fàdákà Tírè ni wọ́n fi ń san owó orí tẹ́ḿpìlì ní Jerúsálẹ́mù, torí fàdákà rẹ̀ dára. Orí òrìṣà Melqart ló sì wà lára owó náà! Jésù fúnra rẹ̀ dé agbègbè Tírè, ibẹ̀ ló ti wo ọmọbìnrin obìnrin ará Fòníṣíà sàn. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 12, àwọn ará Tírè àti Sídónì ń bẹ Hẹ́rọ́dù, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ loúnjẹ wọn ti ń wá. Nǹkan bíi ọdún 1,000 ti kọjá lẹ́yìn Hírámù, ọ̀rọ̀ àlìkámà náà ni. Pọ́ọ̀lù lo ọjọ́ méje níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé sì sìn ín dé etíkun, wọ́n kúnlẹ̀ gbàdúrà.

Lọ́dún 1984, àjọ UNESCO fi Tírè sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2024, nígbà ogun Ísírẹ́lì àti Hezbollah, bọ́ǹbù Ísírẹ́lì balẹ̀ sínú ìlú náà, ọ̀pọ̀ aráàlú sì sá kúrò nílé. Ní Oṣù Kọkànlá, UNESCO fún ibi 34 ní Lẹ́bánónì, tó fi mọ́ Tírè, ní ààbò tó ga jù lọ lábẹ́ òfin ogun. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá kọlu ibẹ̀, tàbí tó fi ibẹ̀ ṣe ibùdó ogun, lè dé iwájú adájọ́.